Ẹ̀wà Tí Kòkòrò Kọ̀, Kí Ọmọ Má Jẹ Ẹ́

Àwọn òbí kan ń náwó gọbọi sórí oúnjẹ ọmọ tí a kọ sí lára pé kò ní kẹ́míkà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í bi alẹ́wà Ọjà Akẹ̀sán léèrè ohun tí ó fi pa ẹ̀wà rẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù kòkòrò ni ó ń mú kí àwọn oníṣòwò kan da Sniper sí ẹ̀wà. Ní ọdún 2015, nítorí dichlorvos, èyí tí í ṣe oró inú Sniper, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ohun tí a kò gbà kí ọmọ òyìnbó jẹ, ó ha yẹ kí ọmọ Ọ̀yọ́ jẹ ẹ́ bí?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bèèrè kí ẹ tó rà. Ẹ yan èyí tí a sá gbẹ, tí a fi ata gbígbẹ pa mọ́, bí kòkòrò tilẹ̀ jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Wàhálà ẹ̀wà ṣíṣà kò tó ti ilé ìwòsàn.