Ẹni Tó Ra Ẹ̀rọ Ló Yẹ Kó Mọ Ohun Tó Wà Nínú Kernel Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ògiri àwọn ẹ̀rọ tó kún ilé àti ọ́fíìsì lónìí, láti orí ráútà íntánẹ́ẹ̀tì dé orí foonu àti àpótí tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú, ti lanu kí wọ́n tó kúrò ní ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Olè kọ́ ló lu ògiri náà. Àwọn tó mọ ọ́n ni kò dí i. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n tún ń fi ohun tí wọ́n ṣe pamọ́ fún ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ọjà.

Kernel ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Òun ni olórí nínú gbogbo ètò tó ń darí ẹ̀rọ. Òun ló ń pín ìrántí fún àwọn áàpù, òun ló ń bá kámẹ́rà àti bátìrì sọ̀rọ̀, òun ló sì ń pinnu ètò tó lè dé ibi tí kò yẹ kí gbogbo ètò dé. Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, ni kernel tó wà nínú gbogbo foonu Android àti nínú àìmọye ráútà. Ọ̀fẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n Linux kì í ṣe aṣọ tí wọ́n rán tán kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ lò ó ní láti wọn ẹ̀rọ rẹ̀ bí télọ̀ ṣe ń wọn ènìyàn. Kernel tí wọn yóò kọ́ fún ṣíìpù ARM inú ráútà kan, tí ìrántí rẹ̀ lè má ju megabyte 64 lọ, kò lè tóbi bí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ìdí nìyí tí àṣàyàn tó wà nínú Linux fi ju 10,000 lọ. Ìdáhùn sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò kọjá mẹ́ta: Y, kí ohun náà wà nínú kernel pátápátá, M, kí ó dúró níta, kí wọ́n máa pè é wọlé bí iṣẹ́ bá dé, N, kí ó má sí rárá. Gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí ló ń wà nínú fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ .config. Fáìlì yìí ni ìwé ìwọ̀n télọ̀. Ẹni tó bá kà á yóò mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, yóò sì mọ èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù, sùúrù yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò ní. Ẹni tó ṣe ṣíìpù máa ń fún ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ní àpẹẹrẹ .config kan, tí wọ́n tò kí wọ́n lè yẹ gbogbo ẹ̀yà ṣíìpù náà wò ní yàrá ìdánwò. Ó yẹ kí ẹni tó gbà á jókòó, kí ó yọ èyí tí ẹni tó máa rà á kò nílò, kí ó sì fi ààbò kún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọn yóò pààrọ̀ àmì ilé iṣẹ́, wọn yóò sì kó ọjà sínú páálí. Debugfs, tó wà fún àwọn tó ń wá àṣìṣe, yóò ṣì wà níbẹ̀. /dev/mem, tó jẹ́ ọ̀nà tààrà sínú ìrántí ẹ̀rọ, yóò ṣì wà níbẹ̀. CONFIG_STRICT_KERNEL_RWX, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan mìíràn lé kóòdù kernel lórí, lè wà ní pípa. CONFIG_MODULE_SIG, tó ń yẹ òǹtẹ̀ orí ohun tó bá fẹ́ wọ inú kernel wò, lè wà ní pípa pẹ̀lú. Ẹni tó kọ́lé tán tó fi àkàbà sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé kò yàtọ̀ sí èyí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní 2016, àṣírí kan tú nípa Allwinner, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà tó ń ṣe ṣíìpù fún tábúlẹ́ẹ̀tì àti àpótí tẹlifíṣọ̀n. Nínú kernel Linux 3.4 tí ilé iṣẹ́ náà pèsè fún ṣíìpù H3, A83T àti H8, kóòdù kan wà tó ń jẹ́ sunxi_debug. Ètò èyíkéyìí tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ náà kàn ní láti kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, rootmydevice, sínú fáìlì kan, kernel yóò sì fi í jọba lórí gbogbo ẹ̀rọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò béèrè páàsíwọ́ọ̀dù, kò béèrè ẹni tó rán an wá. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ohun èlò àyẹ̀wò ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yọ ọ́ kí ọjà tó jáde. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí wọ́n ń ka kóòdù náà fúnra wọn ló rí i. Ká ní wọn kò rí kóòdù náà kà ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọjà olówó pọ́ọ́kú nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn. Ní Oṣù Kejìlá 2012, wọ́n rí i pé nínú àwọn foonu Samsung kan tó ń lo ṣíìpù Exynos, tí Galaxy S III wà lára wọn, fáìlì kan tó ń jẹ́ /dev/exynos-mem ń gba áàpù èyíkéyìí láàyè láti ka gbogbo ìrántí foonu, kí ó sì kọ ohun tó wù ú sí i. Samsung ní láti wá àtúnṣe sí i. Foonu olówó ńlá ni.

Ẹ̀rọ tí kò ní odi tún máa ń di ohun ìjà tí wọ́n fi ń ṣe ẹlòmíràn lọ́ṣẹ́. Ní 2016 kan náà, kòkòrò ayélujára tó ń jẹ́ Mirai kó kámẹ́rà àti ráútà tó ń lo Linux lẹ́rú káàkiri ayé. Ẹ̀dà rẹ̀ kan ni wọ́n fi kọlu Lonestar, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Làìbéríà, ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rán ẹni tó ṣe é lẹ́wọ̀n ní 2019. Lóòótọ́, páàsíwọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ bá wá láti ilé iṣẹ́ ni Mirai gbà wọlé, kì í ṣe àléébù inú kernel. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ló bí àwọn méjèèjì: kí ọjà ṣáà ti tà, ohun tó bá gbẹ̀yìn rẹ̀ di ti ẹni tó rà á.

Àwọn oníṣòwò ní àwáwí mẹ́ta. Èkíní, wọ́n ní àṣírí òwò ni .config. Irọ́ ni. Ìwé àṣẹ GPL ẹ̀dà kejì, tí Linux wà lábẹ́ rẹ̀, ti là á sílẹ̀ pé ẹni tó bá pín kernel náà fún àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ fún wọn ní kóòdù rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àkọsílẹ̀ tó ń darí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹni tó gba ohun ọ̀fẹ́, tí kò wá fẹ́ san ohun kan ṣoṣo tí olóhun ní kí ó san, ajẹgbèsè ni. Nígbà tí wọ́n ké mọ́ Linksys ní 2003 nítorí ráútà WRT54G, tí kóòdù rẹ̀ sì jáde, àwọn aráàlú fi í dá OpenWrt sílẹ̀ ní 2004. OpenWrt ṣì ń mú kí ráútà tí àwọn tó ṣe é ti kọ̀ sílẹ̀ máa rí àtúnṣe gbà di òní yìí.

Èkejì, wọ́n ní kí ni ìyálọ́jà fẹ́ fi .config ṣe? Ìyálọ́jà náà kò kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oògùn, síbẹ̀ ó mọ̀ pé nọ́ńbà NAFDAC gbọ́dọ̀ wà lára páálí oògùn, àwọn tó mọ̀ sì ń bá a ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjíníà, olùkọ́ yunifásítì àti àwọn tó ń tún foonu ṣe yóò ṣe máa bá aráàlú ka .config.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní bí wọ́n bá fi hàn, olè náà yóò rí i. Olè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò tú ẹ̀rọ palẹ̀, yóò sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ láìgba àṣẹ. Onílé nìkan ni wọ́n ń fi pamọ́ fún. Kò sì náni lówó: CONFIG_IKCONFIG_PROC wà nínú Linux, tó ń jẹ́ kí kernel gbé .config ara rẹ̀ dání, kí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè kà á nínú /proc/config.gz. Google ti sọ ọ́ di dandan fún kernel Android. Bí foonu bá lè ṣe é, kí ló dé tí ráútà kò lè ṣe é?

Àwọn ìjọba mìíràn ti jí. Láti ọjọ́ 29 Oṣù Kẹrin 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka páàsíwọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo ẹ̀rọ léèwọ̀, ó sì pọn ọ́n ní dandan kí oníṣòwò sọ iye àkókò tí yóò fi máa fi àtúnṣe ránṣẹ́. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2024, tí ọ̀pọ̀ apá rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 11 Oṣù Kejìlá 2027, ní kí ẹ̀rọ jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó ní ààbò. Ọjà tí kò bá wá rọ́nà wọ ibẹ̀ mọ́, ibo ni yóò forí lé bí kò ṣe ibi tí kò ti sí ẹni tí yóò béèrè?

Nàìjíríà kò ṣaláìní agbára láti béèrè. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 fún NCC ní àṣẹ láti yẹ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wò kí ó tó wọ ọjà, SON sì wà fún ojúlówó ọjà. Kí wọ́n béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tà: .config tí wọ́n fi kọ́ kernel ẹ̀rọ náà, ẹ̀rí pé wọ́n ti pa ohun èlò àyẹ̀wò, àti iye ọdún tí àtúnṣe yóò fi máa wá. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ilé ẹ̀kọ́ kọ ọ́ sínú àdéhùn. Kí àwọn pólì àti yunifásítì sì kọ́ ọmọ wọn láti tẹ make menuconfig, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń kà nígbà tí àkọsílẹ̀ náà bá dé ọwọ́ wọn.

Ẹni tó ta ilé, tó wá fi kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́ sínú àpò ara rẹ̀, kò tíì ta ilé náà.