Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Àwọn àgbà kò fi òwe yìí pe oníròyìn ní òpùrọ́. Ohun tó wí lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé nígbà tó kúrò níbẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ ti yí. Ibẹ̀ gan-an ni òwe náà ti ń bá àwa tó ń ṣe áàpù wí.

Bí áàpù bá rán bráúsà pé kó lọ béèrè iye owó tó wà ní àkáǹtì, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń lọ. Ó ní ibi tó ń tọ́jú èsì àtẹ̀yìnwá sí, tí à ń pè ní cache. Ó lè mú èsì jáde níbẹ̀ láìdé ọ̀dọ̀ server rárá. Ká ní ìyá kan ta gàrí ní ọjà Bódìjà, tí oníbàárà fowó ránṣẹ́, tí owó sì wọlé. Bó bá jẹ́ iye tàárọ̀ ni fóònù ìyá ṣì ń gbé jáde, ó di dandan kó rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ìjà dé láìnídìí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí server bá sọ ọjọ́ tí nǹkan yí padà kẹ́yìn, tí kò sọ ìgbà tí èsì náà yóò gbó, òfin HTTP gbà kí bráúsà fojú díwọ̀n rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ló wọ́pọ̀: ohun tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 10 sẹ́yìn, bráúsà lè lò ó fún odindi ọjọ́ kan kó tó tún béèrè.

Bẹ́ẹ̀ láti 1997 ni HTTP/1.1 ti fún wa ní Cache-Control tí a lè fi sọ̀rọ̀. Èsì tó bá kan owó, kí server kọ no-store sí i, kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú rẹ̀. Láti inú áàpù, fi cache: 'no-store' sínú fetch. Àwọn mìíràn a máa so aago mọ́ ìdí àdírẹ́sì, kí bráúsà lè rò pé ìbéèrè tuntun ni. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn, nítorí èsì tí kò ní wúlò mọ́ ló ń kó jọ sínú fóònù ọlọ́fóònù.

Kò wá yẹ ká sọ ohun gbogbo di no-store, torí owó ni dátà. Fún àtẹ iye ọjà, no-cache ló dára: bráúsà á tọ́jú èsì, ṣùgbọ́n kó tó lò ó, á fi ETag ọwọ́ rẹ̀ béèrè bóyá ó ti yí padà. Bí kò bá tíì yí, 304 lásán ni server yóò dá padà láìtún gbé àtẹ náà wá. Bráúsà ti dé ibẹ̀, ó ti rí i, dátà ìyá ọlọ́jà kò sì ṣòfò.