Ẹ Béèrè Nọ́ńbà Ìdánwò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Ìjerò, Àràmọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti agbègbè wọn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú yín ló ń ṣa owó jọ láti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé mọ̀. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé àwọn ìdánwò wọ̀nyí a máa yí padà lè fi owó òógùn rẹ̀ ra ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a wo A+ ti CompTIA, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. Ìdánwò ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni: títún ẹ̀rọ ṣe, síso ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ara wọn, ààbò, àti ríran ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́. Apá méjì ni. A sì ń san owó apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n gbé 220-1201 àti 220-1202 jáde. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, 220-1101 àti 220-1102 tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 2022 ti kógbá wọlé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó yege nínú apá kan ti àtijọ́ kò lè fi apá kejì ti tuntun kún un. Ìwé ẹ̀rí náà pàápàá, ọdún mẹ́ta ni. Lẹ́yìn náà, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dọ̀tun.

Àwọn kan ní ọgbọ́n àtigbowó ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó a yí ijó padà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbòò dúró fún Windows 10. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá sì ti wọ inú A+ tuntun. Iṣẹ́ ló yí padà, ni ìdánwò fi yí padà.

Kí ni ìwé náà wá níye lórí? Kò lè rọ́pò dìgírì tàbí HND níbi tí ìjọba bá ti béèrè wọn. Nílé níhìn-ín, láti ọdún 2015 tí JAMB ti kó ìdánwò UTME kúrò lórí pépà lọ sórí kọ̀ǹpútà, àti ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ló nílò ẹni tí ó lè tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹni tí ó bá pè yín kò ní béèrè ìwé. Yóò wò ó bóyá ẹ̀rọ òun tàn. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ní Àbújá tàbí ní òkè òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ yín, ìwé ẹ̀rí ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún yín.

Nítorí náà, ẹ kọ́ iṣẹ́ ṣáájú ìwé. Ẹ tú ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́, kí ẹ tún un tò. Ẹ wádìí ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù 3 ènìyàn. Bí olùkọ́ kan bá ní kí ẹ sanwó, ẹ bi í ní nọ́ńbà ìdánwò tí ó ń kọ́ yín àti ọjọ́ tí yóò kógbá wọlé. Ẹ má sì ra ìbéèrè tí wọ́n jí tà. CompTIA lè gba ìwé náà padà. Ẹni tí ó sì fi èrú gbà á ti jẹ́rìí èké lórí ara rẹ̀, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò tú u fó.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ mọ iṣẹ́, kí ìwé wá ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀.