Ta Ló Ni Òjò Dídì?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti gboyè jáde, ìjà la gbé dé lónìí. Orí òjò dídì la ti fẹ́ jà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa tí wọ́n máa ń bi pé "Yorùbá lò ń kà? Kí lo fẹ́ fi ṣe?" mọ bí ó ṣe ń rí lára nígbà tí wọ́n bá ní kí ló gbé èèyàn dé ibi tó wà.

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa ń péjọ sí Berga, nítòsí Sälen ní orílẹ̀-èdè Swídìn. Wọ́n á de síkì, ìyẹn pátákó méjì tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, wọ́n á sì máa yọ̀ lórí òjò dídì títí dé ìlú Mora. Kìlómítà 90 ni. Vasaloppet ni orúkọ ìdíje náà, ọdún 1922 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Agunkẹ̀kẹ́ kì í wọ́n láàárín àwọn tó ń dán an wò nígbà àkọ́kọ́. Swídìn ní àmì-ẹ̀yẹ kan fún ẹni tó bá parí ìdíje mẹ́rin láàárín oṣù 12: síkì yìí, kẹ̀kẹ́ gígùn yí adágún Vättern ká, èyí tó lé ní kìlómítà 300, odò wíwẹ̀, àti eré sísá nínú igbó. Ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ yí adágún náà ká, òjò dídì ló máa kàn án.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn kan ti ń yínmú. Wọ́n ní wọn kò bí i sórí síkì. Wọ́n ní yóò ṣubú, yóò dínà, kó jókòó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

A gbà pé iṣẹ́ méjèèjì kò jọra. Kẹ̀kẹ́ máa ń gbé èèyàn jókòó, síkì kì í gbé ẹnikẹ́ni. Agunkẹ̀kẹ́ ní èémí, ó ní itan, ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, ọ̀pá méjèèjì ni wọ́n jọ ń gún mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èjìká àti ikùn ló sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kí kìlómítà 20 tó pé, apá tí kẹ̀kẹ́ kò kọ́ níṣẹ́ yóò ti máa bẹ̀bẹ̀. Síkì kò sì ní bíréèkì. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ńṣe ni wọ́n ń kó orí síkì méjèèjì jọ bí ẹnu ẹyẹ kí eré lè dínkù. Ọ̀rọ̀ ìda tí wọ́n ń fi pa ìsàlẹ̀ síkì tún wà níbẹ̀: bí òtútù bá ṣe rí ni wọ́n ṣe ń yan ìda, ẹni tó bá sì ṣì í yàn, bó bá ti ń gun òkè ni yóò máa yọ̀ padà sẹ́yìn. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Kó lọ kọ́ ọ, kó kọ́ ọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ta ló ń dínà fún? Ẹni tí kò ní èsì ìdíje kankan láti fi hàn, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń tò ó sí. Bí wọ́n bá ti gbéra báyìí ni òkè àkọ́kọ́ dé, gbogbo èrò á há síbẹ̀, àwọn ọ̀gá á sì ti lọ tipẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ síkì rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 1923, obìnrin kan tó ń jẹ́ Margit Nordin, olùkọ́ eré ìdárayá, fi síkì rin ọ̀nà yìí dé Mora. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fòfin de obìnrin, òfin náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1981. Obìnrin kan ti parí rẹ̀ lójú gbogbo ayé, síbẹ̀ wọ́n ní kì í ṣe tiwọn! Àkọlé tó wà lókè ibi tí wọ́n ń parí sí ní Mora ń sọ̀rọ̀ ipasẹ̀ àwọn baba. Baba nìkan?

Ẹ̀yin tó pàtẹ́wọ́ fún Seun Adigun wa ńkọ́? Eré sísá lórí ìdènà ló bá lọ sí Olympics ní London ní 2012. Nígbà tó di 2018, inú ọkọ̀ orí yìnyín ló wà ní PyeongChang, ó ń ṣojú Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó ní kó padà sídìí ìdènà rẹ̀. Kí ló wá dé tí agunkẹ̀kẹ́ fi di ẹni ẹ̀sín?

Kó sanwó, kó so nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ àyà, kó tò sẹ́yìn. Tí àkókò bá tán tí wọ́n fi okùn dínà mọ́ ọn ní Evertsberg, kó bá wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mora, kó wẹ̀, kó jẹun, kó sì forúkọ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.