Yìnyín tó ń yọ́ lókè òkun, kí ló kàn wá ní Iwopin?

Tí wọ́n bá ní yìnyín orí òkè Himalaya ń yọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ní Atikori á ní, "Èwo ni tiwa ńbẹ̀?" Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Kò sí yìnyín lórí òkè kankan nílẹ̀ Yorùbá. Odò Ọ̀ṣun tó ti Èkìtì wá, tó gba Òṣogbo kọjá, òjò àti omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń bọ́ ọ.

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò omi odò máa ń bèèrè pé: nínú omi tó ń kọjá lábẹ́ afárá lónìí, mélòó ni ti òjò, mélòó ni ti yìnyín, mélòó ló sun láti abẹ́ ilẹ̀? Wọ́n á wá yọ èyí tí oòrùn fà lọ. Ní odò Indus ní Pakistan, ipa yìnyín pọ̀ gan-an. Bó ṣe ń yọ́ sí i, omi á kọ́kọ́ pọ̀, tó bá yá á máa dínkù, torí ohun tó ń yọ́ ti ń tán lọ. Àmọ́ ní òkè Rwenzori ní Uganda, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, àwọn tó wọ̀n ọ́n rí i pé omi yìnyín kò tó ìdá 2 nínú 100 omi odò tó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ òkè náà. Òjò ló ni ìyókù.

Ṣé a ti bọ́ nìyẹn? Rárá o. Yìnyín kò gba orí odò wọlé sí wa, ẹnu odò ló ń gbà.

Ẹ wo máàpù. Ọ̀ṣun ń ṣàn sínú ọ̀sà Lẹkki, níbi tí Iwopin wà. Ọ̀sà yìí so mọ́ ti Èkó, ti Èkó sì ṣí sí òkun. Láàárín 1901 sí 2018, òkun àgbáyé fi bíi 20 sẹ̀ǹtímítà ga sókè. Láti 1971, omi òkun tó ń gbóná tó sì ń fẹ̀ ló fa bí ìdajì rẹ̀. Yìnyín orí òkè fa bí ìdá kan nínú márùn-ún. Tí òkun bá ga, omi ọ̀sà kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Kí òjò September tún wá dé sórí ìyẹn, kí wọ́n tún ṣí dáàmù Asejire lókè! Ẹ bi àwọn ará Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ohun tí òkun fi ilé wọn ṣe.

Lọ́dọọdún, àjọ NIHSA máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde nípa omíyalé, pẹ̀lú orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ó wúlò, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ lórí lísìtì kò sọ fún ẹni tó ń yan ẹja létí ọ̀sà bóyá omi máa dé orókún tàbí ìbàdí. Kọ̀ǹpútà ò lè ṣírò ohun tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n. Ọ̀pá ìwọn omi kan létí ọ̀sà, ẹnì kan tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀, kí wọ́n sì máa lẹ̀ ẹ́ síta kí gbogbo ayé rí i: èyí kì í ṣe owó tó yẹ kó wọ́n ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní nọ́ńbà kánsẹ́lọ̀ yín lórí fóònù, ẹ bi í ibi tí tiwọn wà.