Ẹ Má Dá Oògùn Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ Dúró Fúnra Yín

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ọ̀rọ̀ mi ò gùn: ẹni tí dókítà bá ti kọ oògùn àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B fún, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.

Mo mọ bó ṣe máa ń lọ. Èèyàn á lo tenofovir, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, bí ọdún kan, wọ́n á ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò rí kòkòrò náà mọ́. Àlùhámúdùlíláì á gba ilé kan. Ike oògùn á wọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí, ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọn ò ti rí i o. Ó ṣì lúgọ sínú ẹ̀dọ̀. Oògùn yìí kì í sábà pa á tán, ńṣe ló ń dè é mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá tú okùn, ó lè dìde lójijì, kí ojú àti ìtọ̀ pọ́n, kí ẹ̀dọ̀ dẹnu kọlẹ̀ pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọdún gbọọrọ ni wọ́n á fi lò ó, àwọn mìíràn á lò ó títí ayé.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé nǹkan bí èèyàn 8 nínú 100 ló ní kòkòrò yìí lára ní Nàìjíríà. Ẹ wo èrò ọjà Ìpàtà, kẹ́ ẹ fọkàn ṣírò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló nílò oògùn. Àyẹ̀wò ló ń sọ ọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú nìyí: tenofovir yìí kan náà wà nínú oògùn HIV tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ń fowó ara wọn rà á ni. Bí owó bá tán, oògùn tán. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi í pamọ́ kí ìyá ọkọ má baà sọ pé éèdì ni. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Abọ́ oúnjẹ tàbí ìbọwọ́ kì í kó o ranni. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ àti ìbímọ ló ń gbà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fáwọn ará ilé. Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ láàárín wákàtí 24.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni tenofovir, ẹ lè lò ó nígbà sààrì tàbí ìṣínu. Entecavir, oògùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ mìíràn, ló fẹ́ inú òfìfo, wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ àti wákàtí méjì ṣáájú òmíràn. Ẹ bá dókítà ṣètò rẹ̀ kí Ràmàdáánì tó wọlé. Àdúà ò ní kẹ́ ẹ má lo oògùn. Àgbo ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí òmíràn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá tiyín dúró, ẹ má sáré lọ ra òmíràn ní kẹ́mísì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà tàbí UITH lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lò ó kẹ́yìn láì fi nǹkan kan pamọ́, kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wò, kí wọ́n sì ṣàyẹ̀wò HIV, kẹ́ ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀.