Balaraba kọ ọ́ ní Háúsá, àwa ńkọ́?



Ẹ gbọ́ ti Balaraba Ramat Yakubu, ará Kánò. Kékeré ni wọ́n ti fà á fọ́kọ. Ìgbà tó dàgbà ló padà lọ kàwé. Ó wá ń kọ ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ ní Háúsá, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ní pọ́ọ́kú. Alhaki Kuykuyo Ne jáde ní 1990. Ní 2012 wọ́n tẹ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà! Ó tún bọ́ sídìí fíìmù: ó ń kọ ọ́, ó ń gbé e jáde, ó ń darí rẹ̀. Àwọn tó ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ tí yóò wò ó.

L'Àjàṣẹ́ níbí, àwọn ọmọ wa gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Faransé nìkan ni wọ́n lè kà. Ìtàn àwọn ìyá wa tó ń kó ẹrù gba Ìgòlò, ta ló ń kọ ọ́? Àwọn kan ní ká kọ́kọ́ wá kámẹ́rà. A ò gbà. Ìwé pẹlẹbẹ ni ká kọ́kọ́ tẹ̀, kó má wọ́n ju oúnjẹ àárọ̀ lọ.

Ẹni tó bá ní ìtàn lọ́wọ́, kó fi ránṣẹ́ síbí. A óò máa gbé e jáde díẹ̀díẹ̀.